Ẹ Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Wọn

"Owó dátà mi ni."

Gbólóhùn tí ọkùnrin náà là sílẹ̀ nìyẹn ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Ìdímù, níwájú àgbà, níwájú ọmọdé. Kámẹ́rà ìjọba Èkó ló ká ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ pupa fòò mọ́ orí eré àsápajúdé ní Alápẹ̀rẹ̀, ni tíkẹ́ẹ̀tì bá balẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ pé kó wá san ₦50,000. Ẹlòmíràn ì bá lọ san án jẹ́ẹ́jẹ́, kó má jẹ́ kí ará ilé gbọ́. Tirẹ̀ kọ́. Ńṣe ló ń gbé fóònù náà káàkiri ìpàdé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mo bi í pé ṣé ojú kò tì í ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Owó dátà mi ni. Tó bá wù wọ́n, kí wọ́n fi méjì sí i ránṣẹ́."

Ó dáa. Ìdájọ́ tèmi nìyí, mi ò sì ní fi òwe bò ó: kí ìjọba yé gba owó lọ́wọ́ irú wọn. Kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n gbà. Ẹni tó bá sá eré ìlọ́po méjì ohun tí òfin là sílẹ̀, kí adájọ́ gba ọkọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ìjọba lù ú ní gbàǹjo. Ẹni tí eré tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé mẹ́ta láàárín ọdún kan, kóun náà fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ní kí wọ́n fi méjì sí i ránṣẹ́, àbí? Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò ti mọ iye tó kù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kámẹ́rà náà ṣe jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Lọ́dún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà mú àwọn asáré ní Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí òfin ti ní kí ọkọ̀ má kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, àti ní Independence Tunnel ní Maryland, níbi tó ti jẹ́ 60. Kámẹ́rà yóò ka nọ́ńbà ọkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì yóò sì lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń sáré gba títì kọjá láti wá fò mọ́ ọ nínú mọ́tò. Kò sí "ọ̀gá, ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ". Èmi fara mọ́ kámẹ́rà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà ni n kò fara mọ́, nítorí owó kan náà kì í ṣe ìyà kan náà.

Lọ́dún 2024, ₦85,000 ni ìjọba Èkó fi owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí. Tí òṣìṣẹ́ yẹn bá fi Corolla àlòkù rẹ̀ sá eré ní Alápẹ̀rẹ̀, ó ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ tí wọ́n gbà yẹn. Yóò rò ó délé, yóò rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wá wo onímọ́tò pupa. ₦50,000 kò ra táyà kan nínú mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, owó géètì ni, bí èyí tí wọ́n ń san lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí: san án, kó o máa lọ. Ìjọba rò pé àwọn ń fìyà jẹ ẹ́. Òun gbà pé òun ti ra àyè.

Àwíjàre tó wá tẹ̀ lé e níjọ́ yẹn ló mú inú bí mi jù. Ó ní òfin 80 yẹn, nítorí àwọn tó ń wa ẹ̀kù mọ́tò ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ní ọkọ̀ tòun yàtọ̀, pé bíréèkì rẹ̀ lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀, pé àwọn òyìnbó tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tiẹ̀ ń mi orí. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí: ọkọ̀ tó bá ń sá 120 ní wákàtí kan yóò ti rin mítà 33 kí ẹ tó pe ẹyọ kan tán lẹ́nu. Bíréèkì kò sì ní ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́ títí ojú yóò fi ríran. Ojú tó wà lórí ọ̀gbẹ́ni yìí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ṣe é. Ojú Ìdímù ni, ojú tó ti wo fóònù di òru. Eré tó bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn. Èyí kò yọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Níbo tiẹ̀ ni òun ti ń rí ọ̀nà sáré, ní Ìdímù? Gbogbo wa la mọ ibi tí à ń gbé. Láti Council dé Ìkọ̀tún, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló máa ń já a sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó lè sá 300, oníbọ̀ọ̀lì yóò tà fún un lójú fèrèsé, yóò wá ṣẹ́ńjì, yóò fi lé e lọ́wọ́, ọkọ̀ náà kò ní tíì kúrò lójú kan. Tí òjò bá wá rọ̀, ikùn ọkọ̀ yẹn ti sún mọ́ ilẹ̀ jù, kò lè la omi kọjá. Ọ̀gá yóò fi tapólì bò ó nínú ọgbà, yóò ká sòkòtò sókè, yóò wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú àwa yòókù. Mo fi ojú mi rí i. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà tún gba àfikún ₦100 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì san án láìjiyàn.

Nítorí náà òru ló kù. Lóru, nígbà tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá ti tú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kó ara wọn jáde sí ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí, sáléńsà wọn yóò máa dún gbàmùgbàmù, ọmọ ọwọ́ yóò ta gìrì láti Ìdímù dé Ìgàndó. Àwọn obìnrin tó ń ti ìsọ̀ alẹ́ bọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn gáàdì tó ń lọ gba iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé wọ́n ti di ìdíwọ́ fún olówó?

Kì í ṣe òní ni mo ti mọ ọ̀gbẹ́ni yìí. Lọ́dún tí transformer àdúgbò jó, tí opó dá tirẹ̀, tí onímọ́ínmọ́ín dá tirẹ̀, òun ló ní inverter àti sólà ló ń tan iná fóun, pé kò kan òun. Òun náà ló kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé pé kí wọ́n wó bọ́ǹpù tí a ṣe síwájú ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi, nítorí pé ó ń ha ikùn mọ́tò òun. Bọ́ǹpù tí a fi owó ara wa ra sìmẹ́ǹtì sí! A kò wó o. Títí di òní, kì í kí alága. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìwà kan náà ni: ohun tó bá dáàbò bo gbogbo ènìyàn, ìnira ló jẹ́ fún un.

Wọ́n á tún sọ pé ìjọba ń fi kámẹ́rà pawó ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi ebi pa ìjọba náà ni kí o máa sá 80. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Ọ̀nà tí kò dára la fi ń rọra wakọ̀, àbí ọ̀nà tí kò dára ló ń béèrè eré? Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ń lọ bá ẹni tó ti ta ọkọ̀. Kí ẹni tó ra ọkọ̀ lọ yí orúkọ inú ìwé padà, ó parí. Èyí tó wá ń fi aṣọ bo nọ́ńbà ọkọ̀ kí kámẹ́rà má bàa rí i, èmi kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti olè.

Wọ́n á wá ju Jámánì sílẹ̀. "Ní Jámánì, kò sí òfin eré." Irọ́ ni. Apá kan lára àwọn ọ̀nà ńlá wọn ni kò ní ààlà eré. Nínú ìlú, 50 ni. Lóṣù kejì ọdún 2016, ọkùnrin méjì fi mọ́tò sáré ìje lórí títì Kurfürstendamm ní Berlin, wọ́n sì pa bàbá ẹni ọdún 69 tó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìpànìyàn ni ọ̀kan nínú wọn ṣe, ẹ̀wọ̀n gbére. Jámánì tí ẹ ń fi yangàn nìyẹn.

Ní Finland, iye tí ń wọlé fún ọ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìtanràn rẹ. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, olówó kan tó ń jẹ́ Anders Wiklöf sá 82 níbi tó yẹ kó ti sá 50. €121,000 ni wọ́n bù fún un. Ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ti ń dùn létí: kábàámọ̀. Òun kò sọ pé owó dátà òun ni.

Denmark ló mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Láti ọdún 2021, ẹni tó bá kọjá ìlọ́po méjì eré tí òfin là sílẹ̀, tí eré náà sì ti lé ní 100, tàbí tó bá dé 200, ọkọ̀ náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn ló yá. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ọkùnrin kan ra Lamborghini Huracán ní Jámánì, ó ń wà á lọ sílé ní Norway. Ó ń gba Denmark kọjá nígbà tí wọ́n mú un lórí 236. Wákàtí díẹ̀ ló fi jẹ́ olówó Lamborghini. Kò wà á délé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Èkó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkó ti ń ṣe é tipẹ́, àmọ́ ojú tálákà nìkan ló mọ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba run ọ̀kadà tó lé ní 2,000 wómúwómú ní gbangba, bẹ́ẹ̀ owó àjọ ni ọ̀pọ̀ fi rà á. Lọ́dún kan náà, wọ́n lu mọ́tò àwọn tó gba one-way ní gbàǹjo, àwọn ènìyàn ń sunkún níṣojú kámẹ́rà. N kò ní kí wọ́n má ṣe é. One-way ń pani. Ṣùgbọ́n tí dánfó tó gba one-way bá lè lọ sí gbàǹjo, kí ni ayọ́kẹ́lẹ́ tó sá 160 ní ibi 80 ṣe tó fi jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń kí i? Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ọmọ ọlọ́kadà tó rí i pé olówó ń fowó ra òfin, kí lẹ fẹ́ kó kọ́?

Ikú pàápàá kò mọ ipò. Lóṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní eré ti pọ̀ jù, táyà bẹ́, awakọ̀ kò sì ní láísẹ́ǹsì. Ọkọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ẹ̀kù.

Àwọn amòfin kéékèèké inú ìpàdé tún gbé ẹjọ́ Abuja wá, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá lóṣù kẹwàá ọdún 2024, pé àwọn VIO ibẹ̀ (àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò) kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n máa gba ọkọ̀, kí wọ́n sì máa bu owó ìtanràn fún ènìyàn. Mo ti gbọ́. Níbo ló ti sọ pé kí ẹ máa sá 160? Adájọ́ ni mo ní kó gba kọ́kọ́rọ́, n kò pe VIO. Kóòtù alágbèéká wà ní Èkó. Kí wọ́n gbé àwòrán kámẹ́rà síwájú rẹ̀, kí ọ̀gbẹ́ni gbé lọ́yà tirẹ̀ wá, kí ẹjọ́ yé gbogbo wa.

Kò sì sí ohun tuntun nínú kí ìlú kápá asáré. Ọdún 1977 ni Wọlé Ṣóyínká ti ń darí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tí ará ìlú sọ ní Májà-májà, kí FRSC tó dé ní 1988. Láti ìgbà náà la ti ń bẹ àwọn asáré. Ẹ̀bẹ̀ ti tó.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, òfin ìrìnnà ọdún 2018 wà lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ fi ń gba mọ́tò oní-one-way. Ẹ fi asáré ìlọ́po méjì kún un. Ẹ fi ẹni tó bo nọ́ńbà rẹ̀ kún un. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ olóṣèlú tó ní irú ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹyọ kan nínú wọn ní gbangba, kí wọ́n lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo ní Ìkẹjà, kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí i bí 80 yóò ṣe tó gbogbo wọn wà.