Ẹsẹ̀ kọ́, jíà ni: ọ̀rọ̀ mi lórí fífi básíkùlù gun òkè

1/
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò kan síbí. Mò ń ti básíkùlù mi gun òkè kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, òógùn bò mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ yín kọ sábẹ́ ẹ̀: "Gùn ún, má tì í." "Ọkàn ẹ ò le." "Ọ̀lẹ." Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

2/
Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Tí òkè bá ti ga dé ibì kan, ìfaradà nìkan ò lè gbé èèyàn dókè. Ìṣirò ni. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìṣirò náà ló máa ń yá lára láti pe ẹlòmíì lọ́lẹ.

3/
Òkè tí mò ń sọ yìí, ọ̀nà ọlọ́dà ni, gígùn ẹ̀ ò ju bíi mítà 150 lọ. Mo gbé fóònù mi sílẹ̀ níbi mẹ́ta lórí ẹ̀, 11° ló ń sọ fún mi. Ẹ má fojú kéré 11 o! Bí àwọn oníbásíkùlù ṣe máa ń sọ ọ́, ìyẹn ti sún mọ́ 20%. Ó túmọ̀ sí pé tí ẹ bá lọ síwájú ní mítà 100, ẹ ti gòkè bíi mítà 20. Ilé alájà mẹ́fà nìyẹn. Ọ̀kadà gan-an máa ń ké kó tó gùn ún.

4/
Básíkùlù mi ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni, jíà kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ tó ń wọ́n sí i ló jẹ́ kí n rà á. Irin iwájú ní eyín 44, tẹ̀yìn ní 18. Tí mo bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, ó máa gbé mi lọ síwájú bíi mítà 5. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìgbádùn ni. Lórí òkè yẹn, mítà 5 síwájú ti di mítà 1 sókè. Ẹsẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré o.

5/
Èmi àti básíkùlù, àpapọ̀ wa tó kílò 75. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ wá ṣe ìṣirò: gbogbo ìgbà tí mo bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, àpò símẹ́ńtì kan àtààbọ̀ ni mò ń gbé sókè mítà kan. Kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe. Kí n ṣe é nígbà 30 láìsinmi ńkọ́? Ẹ lọ bi lébìrà tó ń ru símẹ́ńtì bóyá ọkàn ló fi ń rù ú.

6/
Mo ṣáà fi ipá ṣe é fún oṣù méjì. Tí mo bá ti dé ìdajì, básíkùlù á dúró, èmi náà á fẹ́ ṣubú. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, mo máa ń di ògiri mú. Mo tiẹ̀ ti ya fọ́tò básíkùlù náà láti tà á. Mo ti gbà pé èmi ni mi ò dáa tó.

7/
Bàbá kan tó ń tún básíkùlù ṣe nísàlẹ̀ òkè yẹn ló là mí lójú. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ bá mi wò ó, mi ò lágbára láti gun òkè yìí." Wọ́n wo ṣéènì, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ ò ṣàìsàn. Irin ẹ̀yìn yìí ló kéré jù." Wọ́n fa tòkunbọ̀ míì tó ní jíà jáde, wọ́n ní kí n fi dán an wò.

8/
Ti ìyẹn, ní jíà tó fúyẹ́ jù, eyín 28 níwájú, 28 lẹ́yìn. Pẹ́dà kan, bíi mítà 2 síwájú. Sókè, kò tó ààbọ̀ mítà. Mo gùn ún dókè. Ọjọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ọkàn kan náà. Mi ò gbàdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúró lókè níbẹ̀, mò ń mí helehele, inú tún ń bí mi: oṣù méjì tí mo fi ń bú ara mi!

9/
Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Jíà ò gbé èèyàn gòkè lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn pín in sí kékeré kékeré ni. Ẹsẹ̀ á yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò lè gbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè gbé e ní ẹ̀ẹ̀mejì àtààbọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ ni.

10/
Èrò yẹn náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ yí jíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ ti há, ṣéènì lè bọ́ tàbí kó já. Tí ẹ bá jókòó sẹ́yìn jù, táyà iwájú á máa gbéra nílẹ̀. Tí ẹ bá dìde dúró tí gbogbo ara wá lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn á máa yọ̀, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ sún síwájú lórí ìjókòó, kí ẹ tẹ àyà wálẹ̀.

11/
Àwọn kan tún ní ojo ló ń gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ọ̀tún sí òsì. Irọ́ ni jàre. Tí ẹ bá dágbùú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, òkè 20% lè di bíi 14% lábẹ́ táyà yín. Ẹni tó ru omi gun òkè máa ń dágbùú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ojo. Àmọ́ níbi tí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, ẹ má dán an wò o. Ẹ sọ̀kalẹ̀.

12/
Ibi tí ẹ bá gbà lórí ọ̀nà ṣe pàtàkì débi pé ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Baldwin Street ní ìlú Dunedin, New Zealand, ni Guinness ń pè ní ọ̀nà ìgboro tó ga jù láyé. Ní 2019, wọ́n gba oyè yẹn, wọ́n fún Ffordd Pen Llech ní ìlú Harlech ní Wales: 37.45%. Àwọn ará Dunedin fárí gá. Wọ́n ní inú kọ́nà, níbi tó ga jù, ni wọ́n ti wọn ti Harlech, àárín ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

13/
Ní 2020, Guinness gbà fún wọn. Láti àárín ọ̀nà, Harlech di 28.6%, Baldwin Street jẹ́ 34.8%, oyè sì padà sí Dunedin. Ẹ rí i? Ọ̀nà kan náà, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ fún oníbásíkùlù ni pé inú kọ́nà ló máa ń pa èèyàn jù. Tí ọ̀nà bá dá, ẹ gba ìta ẹ̀.

14/
Ní Baldwin Street yẹn, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ibi tó ga jù, torí pé lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ọ̀dà lè máa ṣàn wálẹ̀. Tí ọ̀dà gan-an ò bá lè dúró lórí òkè, ta lèmi?

15/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn kì í sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ wo Koppenberg ní Belgium. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà náà, ó ga dé 22%. Nínú ìdíje Tour of Flanders ti 2024, òjò ti mú kí òkúta máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi básíkùlù jẹun, tó lágbára jù láyé, sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ti básíkùlù wọn bíi tèmi nínú fídíò. Ọ̀nà tóóró ni. Tí ẹnì kan bá dúró níwájú, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á dúró, àtigbéra padà lórí irú òkè bẹ́ẹ̀ ò rọrùn rárá. Ṣé ọ̀lẹ làwọn náà?

16/
Òótọ́ ni, Mathieu van der Poel gùn ún láìsọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló sì gba ipò kìíní. Mi ò ní ọkàn líle ò wúlò. Ó wúlò gan-an, ìdánrawò náà wúlò. Ṣùgbọ́n òun náà ò fi jíà kan ṣoṣo gùn ún. Ẹ jẹ́ kí irin bá òkè mu ná, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkàn ara wa.

17/
Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí ni pé kì í ṣe lórí básíkùlù nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́, wọ́n ní kò tíì gbìyànjú tó. Ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tà, wọ́n ní kò gbà á gbọ́ tó. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú jíà tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Àti ẹni tó ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà, jíà 21 lòun ń gùn.

18/
Torí náà, tí ẹ bá tún rí ẹnì kan tó ń ti básíkùlù gun òkè, ẹ má kọ "ọ̀lẹ" sábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Eyín mélòó ló wà lẹ́yìn ẹ?" Tó bá ti dókè, ẹ bá a wo bíréèkì ẹ̀ kó tó máa bọ̀ wálẹ̀.

Èmi ṣì ń kó owó jọ láti ra tòkunbọ̀ bàbá yẹn. Òkè wo ló ń dà yín láàmú ládùúgbò yín? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ ka eyín jíà yín mọ́ ọn.