Ojúlówó Oògùn Náà Lè Pani

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Òwe yìí ló yẹ ká máa rántí bí a bá ń ra oògùn, ṣùgbọ́n ayédèrú nìkan là ń ṣọ́. A ó wo nọ́ńbà NAFDAC, a ó ha ibi tí wọ́n ní ká ha, a ó fi tẹlifóònù béèrè. Bí èsì bá ti dé pé ojúlówó ni, ọkàn wa balẹ̀, ó parí. Èmi kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Olè paraku ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú oògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojúlówó oògùn, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá, lè pani bí ìdọ̀tí bá wọ inú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí. Ní 1972, ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fa omi sí àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lára. Kòkòrò àrùn ti wà nínú ìgò omi náà. Wọ́n gbà pé ó lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn 5. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, afẹ́fẹ́ ló há sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò, àwọn ìgò ìsàlẹ̀ kò sì gbóná tó. Aago tó ń ka ooru fi hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní aago ló bàjẹ́!

Ní 2012, ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ẹ̀yìn ríro, tí ilé ìpoògùn kan ní Massachusetts ṣe, ní ohun tó dà bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nínú. Ó lé ní 750 ènìyàn tó ṣàìsàn, ó lé ní 60 tó kú. Ní 2023, oògùn ojú tí wọ́n ṣe ní Íńdíà dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú kòkòrò tí oògùn kò fẹ́ ràn mọ́. Ènìyàn 81 ló kó o, 4 kú, 14 ni ojú wọn fọ́. Kò sí ayédèrú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: “Ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé tan ara yín! Ohun tí a bá jẹ ṣì ní láti la omi kíkan inú ikùn kọjá, ó sì ń pa kòkòrò púpọ̀. Èyí tí a gún sínú iṣan ńkọ́? Tààrà ló bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ta ni yóò dá a dúró?

Ẹ wá wo ìṣe wa. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba náírà ni ọlọ́jà oògùn kì bọ inú agolo láti ka hóró oògùn fún wa. Ìgò oògùn ojú kan, bàbá ń kán an, ìyá ń kán an, ọmọ ń kán an, ẹnu ìgò ń kan irun ìpéǹpéjú gbogbo wọn. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kò tí ì pé. Ìgò tí a kò tí ì ṣí ni ọjọ́ yẹn wà fún! Èyí tí a ti ṣí, ọ̀pọ̀ jù lọ ni a gbọ́dọ̀ dà nù lẹ́yìn ọjọ́ 28. Oògùn ìyẹ̀fun ọmọdé ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n á sì tọ́jú àjẹkù rẹ̀ de àbúrò.

Ìjọba ní tiwọn gbọ́dọ̀ máa kéde oògùn tó bá dọ̀tí lórí rédíò, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára páálí. Kí ilé-iṣẹ́ má pe aago ní òpùrọ́ nítorí èrè. Kí ọlọ́jà oògùn ra ṣíbí, iye rẹ̀ kò ju owó àkàrà lọ. Kí àwa náà fi omi tí a sè tó ti tutù po oògùn ọmọ, ká sì da àjẹkù nù lọ́jọ́ tí ìwé rẹ̀ dá. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù oògùn, bí ẹ bá ti bi wọ́n pé ṣé ojúlówó ni, ẹ tún wo ọwọ́ ẹni tó ń kà á fún yín. Bí kò bá mọ́, ẹ gba owó yín padà.