Ẹ fún bàbá, ìyá àti ọmọ ní ìjókòó tiwọn ní Adámásingbà

Lọ́jọ́ tí Shooting Stars bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹ dúró sẹ́nu géètì pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásingbà, kí ẹ máa wo àwọn tó ń wọlé. Ọkùnrin ni, ọkùnrin ló tẹ̀lé e, ọkùnrin náà ló tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rí obìnrin tó mú ọmọ lọ́wọ́. Ṣé àwọn obìnrin Ìbàdàn ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni? Irọ́ o. Ẹ lọ sí Agbówó tàbí Bódìjà lọ́jọ́ tí Arsenal àti Chelsea bá ń wàákò, ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wọ jẹ́sì, tí wọ́n ń bá àwọn ọkùnrin jiyàn lórí offside. Nígbà tí Super Falcons na Morocco ní 3-2 lóṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà nígbà kẹwàá, ta ni kò pariwo? Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù wà. Ibi tí wọ́n máa jókòó sí tí ọkàn wọn á balẹ̀ ni kò sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kí àwọn tó ń ṣàkóso 3SC àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ni ikọ̀ náà ya apá kan sọ́tọ̀ ní pápá ìṣeré yẹn fún ẹni tó bá mú ọmọ wá. Mi ò sọ pé kí wọ́n ṣe àga ọlọ́lá fún àwọn olówó o. Àyè tí tíṣà, oníṣòwò Dùgbẹ̀ tàbí awakọ̀ lè mú ọmọ rẹ̀ méjì wá sí ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ọdún 1976 ni ikọ̀ yìí, tó ń jẹ́ IICC nígbà náà, gba ife Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, láyé Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Ọdún 1992 la gba CAF Cup. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ìgbà náà ti lé lógójì. Líìgì ilẹ̀ wa ńkọ́? Ọdún 1998 la gbà á kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì lónìí, wọn ò tíì bí wọn nígbà yẹn.

Kí ló máa wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn 3SC? Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ, torí kò rí ọ̀kan rí. Àfi kí ẹnì kan ti fà á lọ́wọ́ lọ sí pápá nígbà tó wà ní kékeré, kó gbọ́ ìlù, kó rí koríko tútù yẹn lójúkorojú, kó sì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọmọ ò bá tíì dé Adámásingbà nígbà tó pé ọdún méje, Manchester á ti gbà á lọ kó tó pé mẹ́wàá.

Mo mọ ohun tí àwọn ará popular side máa sọ: "Ẹ fẹ́ sọ pápá ìṣeré di ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yé mi. Ariwo ni adùn bọ́ọ̀lù. Pápá tí kò sí ìlù, tí kò sí fèrè, tí ẹnì kankan ò ké "Up Sooting!", ó sàn kéèyàn jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé obìnrin àti ọmọdé kì í pariwo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò nílé, ẹ dáhùn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Istanbul lórílẹ̀-èdè Turkey. Àwọn olólùfẹ́ Fenerbahçe ya wọ pápá, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù sì fẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò ìwòran. Nígbà tó yá, wọ́n yí ìjìyà náà padà: kí ọkùnrin dúró sílé, kí obìnrin àti ọmọdé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Lógúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn tó lé ní 41,000 ló wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Fenerbahçe àti Manisaspor. Wọ́n kọrin látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ikọ̀ àlejò pàápàá. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìjà nìkan ni kò sí. Ariwo lọ́tọ̀, èébú àti òkò lọ́tọ̀.

Mi ò ní kí a lé ọkùnrin kankan o. Mò ń sọ pé ohun tí a ń pè ní adùn pápá, kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló ń ṣe é.

Ẹlòmíràn á ní kí n wo England, pé àwọn pápá ibẹ̀ ti dákẹ́ jù látìgbà tí wọ́n ti ń fa àwọn ẹbí wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn. Watford wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹbí níbẹ̀, láwọn ọdún 1980, àyè yẹn ò sì pa wọ́n lára. Ìfúnpọ̀ èrò ní Hillsborough lọ́dún 1989, tó gbẹ̀mí èèyàn 97, ló mú kí ìjọba sọ pé kí gbogbo èrò ní pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa jókòó. Lẹ́yìn náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó máa ń kọrin ò lè san án mọ́. Ẹ ò rí i pé ọmọdé kọ́ ló pa ariwo wọn? Owó wà níbẹ̀. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní apá ti ẹbí, síbẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan àyè ìdúró tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ti Dortmund nìkan ń gba èèyàn bíi 25,000 lórí ìdúró, ẹ sì mọ irú ariwo tó ń jáde níbẹ̀.

Torí náà, ẹ má fọwọ́ kan popular side. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún owó wọn. Ẹ fi onílù sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ ààbò la ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn tí Kano Pillars àti 3SC ta ọ̀mì 1-1 ní Kano, àwọn olólùfẹ́ ya wọ pápá, wọ́n sì ṣe àwọn ọmọ wa léṣe. Àwọn alákòóso líìgì fìyà jẹ Pillars, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má ṣe bí ẹni pé Kano nìkan ni wàhálà wà. Káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, bí rẹfirí bá fọn fèrè tí kò tẹ́ onílé lọ́rùn, òkò àti èébú kì í pẹ́ dé. Ìyá wo ló máa gbé ọmọ sí àárín ìyẹn?

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ mú apá kan tó jìnnà sí àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ àlejò. Ẹ fún un ní géètì tirẹ̀, kí ẹni tó gbé ọmọ má bàa máa bá èrò fa ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Kí àgbàlagbà san owó tíkẹ́ẹ̀tì lásán, kí ọmọ tó bá mú wá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, igbó tàbí ọtí níbẹ̀. Kí obìnrin wà lára àwọn tó ń mójú tó èrò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tó ní omi, tó sì ṣeé tì, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin sílé nìyẹn ju òkò lọ. Kí eré sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ará Challenge àti ará Agbówó lè rí ọkọ̀ wọ̀ láìsí ìbẹ̀rù.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, èwo ló nílò bílíọ̀nù náírà? Ìjọba Ṣèyí Mákindé ti náwó lórí pápá yẹn, wọ́n tún un ṣe, ó sì dára. Àmọ́ àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́ ilé. Ọmọ tó máa jókòó sínú rẹ̀ ní ogún ọdún sí i ni a kò tíì kọ́.

Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, aládùúgbò wa, gba líìgì lọ́dún 2025. Bí wọ́n bá tún ti ń bọ̀ wá bá wa ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ yẹn dán an wò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, apá kan ṣoṣo, ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àyè náà bá ṣófo, ẹ gbà á padà. Bó bá kún, ẹ má tì í mọ́. Up Sooting!