Pósítà Ta Ni Ó Wà Lára Ògiri Wa?

 

Bí ènìyàn bá wọ yàrá àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń gbé Otokiti lóde òní, àwòrán agbábọ́ọ̀lù kọ́ ni yóò bá lára ògiri mọ́. Pósítà àwọn òyìnbó ayàwòrán àtijọ́ ni ó gbòde: èyí tí Gustav Klimt yà fún ìpàtẹ ẹgbẹ́ wọn ní Vienna ní ọdún 1898, àti èyí tí Joost Schmidt ṣe fún ìpàtẹ ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Weimar ní ọdún 1923. A kò bínú sí i, nítorí ó dára lójú. Ti Klimt tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín: àwọn aláṣẹ ní ìhòòhò akọni inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ni ó bá ya igi bò ó. Ìwé ìkéde lásán ni nígbà náà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí èrò lè wá wòran. Àwọn kan ni kò jẹ́ kí ó ṣègbé ni a ṣe ń rí ẹ̀dà rẹ̀ rà.

Ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé àwa náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961 ni ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Uche Okeke àti Demas Nwoko sì pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Jacob Lawrence, ayàwòrán adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, pàtẹ tirẹ̀ ní 1962. Ọdún yẹn náà ni Dúró Ládiípọ̀ ṣí ti Òṣogbo, tí àwọn ará ìlú sì sọ ọ̀rọ̀ Igbo di Yorùbá: Mbari Mbayọ̀, bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹnu Yorùbá dùn! Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà ni Jimoh Akolo tí ó ya Fulani Horsemen ní 1962. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ẹ̀gbẹ̀ àti Otokiti wà. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìpàtẹ ńlá lórí àwọn ayàwòrán ìgbà náà ní Nàìjíríà. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni yóò máa fi baba wa hàn wá ni?

Ẹ jẹ́ kí á la nǹkan kan yé ara wa, nítorí àwọn oníṣòwò ń fi í jẹun. Bí Bruce Onobrakpeya bá gbẹ́ àwòrán sára líno, tí ó fi ínkì kùn ún, tí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Èyí tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ láti inú fọ́tò, ẹ̀dà lásán ni, bí férémù rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ wúrà. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín fún ti èkejì.

Àwọn kan yóò ní kí á tètè tẹ tiwa náà tà. Ó dára, ṣùgbọ́n kí á rọra. Klimt kú ní 1918, Schmidt kú ní 1948. Ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ wọn ti tán ní Yúróòpù. Ní ti àwọn tiwa, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì sanwó bí wọ́n bá bù ú fún un.

Ní báyìí ná, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ gbẹ́ pósítà Ọ̀sẹ̀ Yorùbá tí ń bọ̀ sórí líno, kí á fi ẹ̀dà méjì pamọ́ sí ilé ìkàwé. Bí ẹ bá sì lọ ilé ní ìsinmi, ní Kàbbà, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, ẹ bá wa tú àpótí àwọn bàbá yín wò. Ìwé ìpè sí ìpàtẹ, pósítà tí eku ti jẹ létí, ẹ mú un wá. A ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín.