Nígbà Tí Òòlù Dùùrù Bá Kọ̀ Láti Lù Lẹ́ẹ̀kejì

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi pé píánò ńlá ilé ẹ̀kọ́ àwọn, irú èyí tí ó tẹ́jú bí tábìlì, ti ń ṣe bí odi: bí a bá tẹ eyín kan lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ẹ̀ẹ̀kíní á dún, ẹ̀ẹ̀kejì á dákẹ́. Alátùn-únṣe kan ti ní kí wọ́n tà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tà á!

Sébastien Érard, oníṣẹ́ dùùrù ará Faransé, ni ó gbé ọgbọ́n yìí jáde. Ní 1821 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní London. Lábẹ́ òòlù kọ̀ọ̀kan ni apá igi kékeré kan wà tí sípíríǹgì gbé ró. Bí òòlù bá lu wáyà tán, apá yìí á gbé e dúró díẹ̀, kí igi tí ń ti òòlù lè sáré padà sí ìdí rẹ̀. Nítorí náà eyín kò ní láti gòkè tán kí ó tó tún lù.

Ẹ tẹ eyín gírígírí, kí òòlù há bí ó ti ń padà bọ̀. Ẹ wá tú ìka sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òòlù tí ara rẹ̀ dá yóò gbéra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá fò, tí ó ń ta ìka yín nípàá, sípíríǹgì le jù. Bí ó bá jókòó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì rọ̀.

Mo ní ó lè jẹ́ o! Ibí ni àwọn oníkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní àkókò ọ̀rinrin, aṣọ irun tí ó wà ní oríkèé òòlù a máa wú, a sì di òòlù mú. Bí ẹ bá mú sípíríǹgì le nítorí èyí, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí aṣọ náà gbẹ, òòlù á máa ta pọ́nrán bí ẹlẹ́ǹgà. Oríkèé ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ tún wo ojú ihò gbọọrọ tí ẹnu sípíríǹgì ń yọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ẹ fi igi tín-ín-rín nù ún, kí ẹ sì fi òjé pẹ́ńsùlù rírọ̀ kùn ún.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan sípíríǹgì. Òmíràn ní ìṣó kékeré tí a ń yí. Èyí tí kò ní, ìkọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Eyín 88 ni, sípíríǹgì 88. Bí ẹ bá sì ń fa ẹ̀rọ náà jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan eyín o: òòlù tí ó bá gbórí sókè nígbà náà, ọrùn rẹ̀ á dá.