Ẹ Yéé Bi Wá Pé "Ṣé Ó Yé Yín?"

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á ti sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, á yẹ aago wò, á kọjú sí kíláàsì, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Àwa náà á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin: "Ó yé wa, sà!" Wọ́n á pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, a ti ń bi ara wa pé kí ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀.

A ò kọ èyí láti bú olùkọ́ kankan. Àwa la ń pa irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ló ń ti irọ́ sí wa lẹ́nu, ẹ̀bẹ̀ wa sì ni pé kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ pa á tì.

Ìgbà tí àwa náà dúró níwájú kíláàsì ni ojú wa là sí i. Àwọn kan nínú àwa tó ń kọ̀wé síbí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì rán wọn lọ ṣe TP ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ nínú ìṣirò. Ó ṣàlàyé títí, ó bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo kíláàsì hó yèè: "Yes, sir!" Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ 2/5. Wọ́n ro tòkè mọ́ tòkè, wọ́n ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀.

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. 2/5 ò tó ìdajì. Ẹni tó ní ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́, tí wọ́n tún gé sí i fún, báwo ni tirẹ̀ ṣe máa wá dín kù? Ọ̀rẹ́ wa ò nà wọ́n, kò sì tún òfin kà sí wọn létí. Ó ra búrẹ́dì kan, ó gé e sí ọ̀nà 6 tó dọ́gba. Ìdajì jẹ́ 3, ìdámẹ́ta jẹ́ 2, ó di 5 nínú 6. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló kọ́kọ́ pariwo: "Ọ́ńkù, a jẹ́ pé 2/5 yẹn, wọ́n rẹ́ wa jẹ!" (Búrẹ́dì náà ò sì pẹ́ kó tó tán. Ẹ má bi wá pé ta ló jẹ ẹ́.)

Ká ní kò fún wọn ní iṣẹ́ kékeré yẹn ni, ì bá ti bọ́ sí orí ẹ̀kọ́ mìíràn, ariwo "Yes, sir" ì bá sì máa dùn mọ́ ọn.

Kí ló wá yẹ kí olùkọ́ béèrè? Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn. "Kí ló dé tí ìdáhùn ò fi lè jẹ́ 2/5?" sàn ju "ṣé ó yé yín?" lọ fíìfíì. Tí ẹ bá sì ti béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mary Budd Rowe, tó ṣe ìwádìí nípa èyí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, rí i pé bíi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dúró fún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í lanu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. A dán an wò nígbà TP. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 níwájú kíláàsì gùn ju ìlà ATM lópin oṣù lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń nà sókè.

Àwọn olùkọ́ wa á ní, "Èèyàn 300 ló wà nínú gbọ̀ngàn, maikirofóònù ò sí, iná ò sí." Òótọ́ ni. Eric Mazur tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Harvard náà ní èrò púpọ̀ ní kíláàsì. Láti 1991 ló ti ń ṣe é báyìí: á gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn mélòó kan, kálukú á mú ọ̀kan, á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, wọ́n á jọ jiyàn lé e lórí, wọ́n á sì tún ìdáhùn mú. Kò pọn dandan kí á ní ẹ̀rọ kankan. Ìka kan ní àyà fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún D. Olùkọ́ á rí gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò sì ní lè sọnù sínú ariwo.

Ẹ sì jẹ́ kí á fi Yorùbá jiyàn náà, níbi tí àwa tó jókòó pa pọ̀ bá gbọ́ ọ. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Kí ló dé tí àwa á fi máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí ò dá wa lójú bo ohun tí ò yé wa mọ́lẹ̀?

Ó kù sọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ló sì ti dùn wá jù. Ọ̀rẹ́ wa kan fi odindi ọdún kan kún ọdún rẹ̀ nítorí kọ́ọ̀sì ìṣirò dátà kan ṣoṣo. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti mọ̀ pé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí á jáde. Gbogbo kíláàsì pòṣé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pè é ní efiko. Kò na ọwọ́ mọ́ títí sẹ̀mẹ́sítà fi parí. Àwa la pòṣé yẹn. Àwa tá a pòṣé náà, kì í ṣe pé ó yé wa. Ebi ló ń pa wá.

A tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á sàmì sí wa, pé ẹni tó bá béèrè ń dán àgbà wò. Nítorí èyí la ṣe fẹ́ràn ìwé pélébé tí kò ní orúkọ. Kí ó tó di pé a jáde, kí kálukú kọ ohun kan tí kò yé e, kí olórí kíláàsì kó o jọ fún olùkọ́. Tí 40 nínú wa bá kọ ohun kan náà, olùkọ́ ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Nílé, kí á yé fi ojú wo nóòtù lásán, kí á máa rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ní 2006, Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé rántí 56 nínú 100, àwọn yòókù 42. "La cram, la pour, la forget" tí a fi ń ṣàwàdà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, àwa á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé yẹn ní kíláàsì tiwa. A ti bá olórí kíláàsì sọ ọ́, ó ní kò burú. Ẹni tó bá sì tún pòṣé nígbà tí ẹnì kan bá na ọwọ́ ní aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kó mọ̀ pé àwa tá a jókòó tì í la máa kọ́kọ́ dá a lóhùn.