Ẹ̀sùn Mẹ́fà Lórí Fíìmù Ìjìyà Jésù

Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2004, ni Mel Gibson gbé The Passion of the Christ jáde. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń gbé e sójú ògiri ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, títí kan àwa tí a wà ní Ìpè-Àkókó níhìn-ín. Onígbàgbọ́ ni mí, àgbélébùú sì ni ìrètí mi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Ẹ̀sùn kìíní: ó sọ nínà Olúwa di ìran wíwò. Gbólóhùn kan péré ni Jòhánù fi sọ pé Pílátù na Jésù (19:1). Fíìmù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá nà án. Àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́kọ́ lo ọ̀pá, wọ́n wá gbé pàṣán onírin tó ń họ ẹran ara, wọ́n sì tún yí i padà kí wọ́n lè na iwájú. Àwọn Ajíhìnrere mọ̀ pé ìyà náà dun ni. Ẹni tó ń kú, àti ìdí tó fi ń kú, ni wọ́n fẹ́ ká mọ̀. Pàṣán bo èyí mọ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: ó fi àfikún ṣe Ìhìnrere. Ta ló kà á nínú Bíbélì pé wọ́n ju Jésù sísàlẹ̀ láti orí afárá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lára? Tàbí pé ìyàwó Pílátù fún Màríà ní aṣọ funfun, tó fi nu ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀? Àlá obìnrin náà nìkan ni Mátíù 27:19 sọ. Inú ìran Anne Catherine Emmerich, sísítà ìjọ Àgùdà ará Jámánì tó kú ní 1824, ni nǹkan wọ̀nyí ti wá. N kò bá ẹni tó ríran jà. Ohun tí mo ń wí ni pé kí wọ́n sọ fún wa pé ìran ni.

Ẹ̀sùn kẹta: ó ba Màríà Magidalénì lórúkọ jẹ́. Òun ni fíìmù náà fi ṣe obìnrin panṣágà inú Jòhánù 8, bẹ́ẹ̀ Jòhánù kò dárúkọ obìnrin yẹn rárá. Ohun tí Lúùkù 8:2 sọ ni pé ẹ̀mí èṣù méje jáde lára Magidalénì. Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní panṣágà láìní ẹ̀rí yóò rojọ́ níwájú àwọn àgbà.

Ẹ̀sùn kẹrin: ó wẹ Pílátù mọ́. Pílátù inú fíìmù jẹ́ aláàánú tí ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú. Pílátù inú Lúùkù 13:1 po ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Gálílì mọ́ ẹbọ wọn. Ará Róòmù ló ń kan ènìyàn mọ́ àgbélébùú, síbẹ̀ orí àwọn Júù ni fíìmù náà di ẹ̀bi rù. Wọ́n yọ ìtumọ̀ igbe àwọn èrò inú Mátíù 27:25, “Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí wa àti lórí àwọn ọmọ wa,” kúrò lójú àwòrán, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn Krìstẹ́nì Yúróòpù fi ṣe àwíjàre nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Júù. Nígbà tó di 1965, Àpérò Vatican Kejì kéde pé a kò gbọdọ̀ di ikú Jésù ru gbogbo Júù. Júù ni Jésù, Júù ni ìyá rẹ̀, Júù ni Pétérù.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ó fi Àjíǹde ṣeré. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì, Àjíǹde kò sì tó ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀. Òkúta yí, aṣọ ìsìnkú rọ̀ wálẹ̀, Olúwa dìde, ó parí. Áńgẹ́lì kò sí níbẹ̀, àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀. Magidalénì tó sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọ́ kí Jésù pe orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù sì sọ pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù wa.

Ẹ̀sùn kẹfà, àwa tí a ń gbé e hàn ló ni ín. Èdè Árámáíkì, Hébérù àti Látìn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí lọ́dún kan rọra sọ sí mi létí: “Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí yẹn?” Kí n tó dáhùn, pàṣán tún ti ń dún. Lórí ẹní níwájú ni àwọn ọmọdé wà. Ọ̀kan fi ìró ìyá rẹ̀ bo ojú, ìyá sì fà á kúrò, ó ní kó wo ohun tí Jésù ṣe fún un. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè dá fíìmù yìí lọ wò ní sinimá.

Àwọn kan yóò ní ó ń mú àwọn ènìyàn sunkún, ó sì ń mú wọn ronú pìwà dà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù pé kí wọ́n má sunkún nítorí òun (Lúùkù 23:28).

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa, mo bẹ̀ yín, ẹ fi fíìmù yìí sílẹ̀ fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ wò ó nílé rẹ̀. Fíìmù Jésù ti ọdún 1979, tí wọ́n fà yọ láti inú Ìhìnrere Lúùkù, ti wà ní èdè Yorùbá. Bí kò bá sí iná, ẹ ka Mátíù 26 dé 28 sókè ní Yorùbá kí ìyá àgbà lè gbọ́, kí ẹ má sì pa Bíbélì dé títí ẹ ó fi dé ibi tí Olúwa tó jíǹde ti rán wa níṣẹ́.